Fídíò Tó Gba Ọwọ́ Màmá Kọjá

Ṣòkòtò kan wà lórí fóònù mi títí di òní tí ọkùnrin méjì jọ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbá ara wọn léjìká mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àyè ẹnì kẹta sì tún ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Inú wọn dùn. Inú èmi kò dùn, nítorí èmi ni mo ya pátánì ṣòkòtò náà.

Ọ̀gá àwọn agéṣọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ló fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Màdámù, ohun tí àwọn ọmọ wa rí lórí fídíò yín ni wọ́n gé. Ẹ̀kọ́ kejì ló kù. Bí ìyẹn náà bá rí báyìí, ẹ má bínú, a ó wá ẹlòmíràn." Kò bú mi rárá. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mí. Aránṣọ ni mí. Láti kékeré ni àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ti gé aṣọ ìyàwó, ó ti gé aṣọ adájọ́, ó ti gé kọ́tìnnì gbọ̀ngàn kan tó gùn ju àdúgbò wa lọ. Àfi bí ìka ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọdún tó kọjá. Bí mo bá ti gbé àlùmọ́gàjí, irora á gbéra láti àtàǹpàkò, á gun apá títí dé èjìká. Dókítà tẹ ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní kí n yan ọ̀kan: kí n pa àlùmọ́gàjí tì, tàbí kí n pa ọwọ́ tì. Irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn? Bí wọ́n bá gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ aránṣọ, kí ló kù? Obìnrin kan tó gbé téèpù kọ́rùn lásán ni.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ yìí wá ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí a ṣe ń ya pátánì lórí kọ̀ǹpútà, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ igbe mi. Mo mọ̀ ọ́n yà. Máòsì kò wúwo, ọwọ́ òsì lè tì í. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò sì le: kí n máa ya pátánì, kí kọ̀ǹpútà máa ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ sílẹ̀ bíi fídíò, kí n máa fi ohùn ṣàlàyé, kí n wá gbé fídíò náà sórí ìkànnì tí gbogbo ayé ti ń wo fídíò. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn á wò ó, wọ́n á gé aṣọ bí mo ṣe yà á. Ẹ̀kọ́ méjì ni wọn yóò fi dán mi wò. Bí aṣọ bá bá ènìyàn mu, iṣẹ́ di tèmi. Bí kò bá bá ènìyàn mu, kí n lọ jókòó sílé, kí n máa ka iye ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni ṣòkòtò yẹn. Íńṣì méjìdínlógójì ni mo yà sí ìbàdí rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ hàn gedegbe. Ìgbà tó dé orí ìkànnì, ìlà ti di òjìji, nọ́ńbà ti di èèrà, mẹ́ta ti wú, ó ti di mẹ́jọ. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ bá gé íńṣì méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Ẹ lè bi mí pé ṣé ẹnu mi kò pe nọ́ńbà náà ni. Kò pè é. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, èèwọ̀ ni kí aránṣọ pariwo ìbàdí oníbàárà. Ẹni tó bá wá dáṣọ kò wá kí wọ́n kéde ikùn rẹ̀ fún ará àdúgbò. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi ìka tọ́ka sí i, a ó ní, "Bó ṣe wà níbí yìí." Ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà dé òpin, "bí ẹ ṣe rí i níbí yìí" ni mo ń sọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí nǹkan kan.

Àwọn ará ìta náà kò sì gbẹ́nu dákẹ́. Ẹnì kan kọ sábẹ́ fídíò pé, "Ẹ ṣeun, mà. Ṣé inú kùrukùru lẹ ti ń ránṣọ ni?" Òmíràn ní òun ti nu ojú fóònù òun títí, ó ku díẹ̀ kí òun nù ún dé ẹ̀yìn. Ẹnì kẹta ní, "Ohùn yín dùn gan-an. Òun ni mo fi ń sùn." Mo fẹ́ fún ẹni yìí lésì, mo kàn rántí pé mò ń wá iṣẹ́ ni.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ ké sí. Fíríìjì ló ń tún ṣe, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ, kò sí ohun tó ń lo iná tí òun kò mọ ìdí rẹ̀. Ó wo iwájú kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́tí sí i bíi dókítà.

"Ojú ẹ̀ ló dọ̀tí," ló wí.

Ó fi sípíríìtì nù ún. Kò yí padà. Ó ní a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Ó lọ gbé gílóòbù gbàǹgbà kan wá, ó tàn án sí kọ̀ǹpútà lójú títí èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Olówó orí mi," mo ní, "inú kọ̀ǹpútà ni fídíò yìí ti ń wá. Kò sẹ́ni tó dúró síwájú ẹ̀ tó ń yà á."

"Ṣé èmi ni mo kọ́ṣẹ́ iná ni àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Ó ti gbóná jù. Ooru ló ń yọ́ àwọn nọ́ńbà yẹn."

Ó bá gbé fáànù kọjú sí i. Nígbà tí mo ká fídíò míì sílẹ̀ láti fi dán an wò, tí òun náà gba ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ gbà dé orí ìkànnì, èèrà ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, fáànù sì ń han lẹ́yìn ohùn mi bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo kúrò nílé fún un.

Ọ̀dọ̀ Ẹ-Rẹ́rìn-ín ni mo lọ. Ọkùnrin kan ni ní òkè àdúgbò wa, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, tó sì ń tò ó pọ̀ fún àwọn oníyàwó. "Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín" ló máa ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun alára kì í rẹ́rìn-ín. Yàrá kan ló ń lò, kọ́tìnnì dúdú ló fi bo fèrèsé, wáyà ló sì kún ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní láti tọrọ ọ̀nà.

Ó ní kí n ká nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ lójú òun. Mo ya kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ó ṣí i, ó wò ó. Ó mọ́ rekete. Ó wá ní kí n fi èyí tí mo gbé lọ sórí ìkànnì han òun. Mo ṣí ìyẹn náà. Ó wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Èyí tí kọ̀ǹpútà yín ká nìyí, ara ẹ̀ le," ló wí. "Èyí tí ẹ gbé lọ nìyí. Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín rárá ló ti kú. Ibo ló gbà kọjá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà kan kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

"Mà, ibo ló gbà kọjá?"

"Ọ̀dọ̀ Màmá," mo ní.

Ó di dandan kí n sọ ẹni tí Màmá jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí aṣọ tó ń kọjá ẹnu ọ̀nà láì kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀. Á yí inú rẹ̀ síta, á fi èékánná tọ ojú rírán, á fa apá, á fa ọrùn, nígbà náà ni yóò tó sọ pé, "Ó lè lọ." Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tó láṣọ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà títí di alẹ́, aṣọ kò lọ. Màmá ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nítorí orúnkún, ó ń gbé ní òdìkejì ìlú, ṣùgbọ́n n kò fi àṣà sílẹ̀. Bí mo bá ti ká fídíò tán, mo máa ń gbé e sórí fóònù mi, kí n tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Á wò ó, á dá a padà sórí fóònù mi, á kọ "Ó lè lọ" sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó dá padà yẹn gan-an ni mo máa ń gbé sórí ìkànnì. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà, mo máa ń pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Aṣọ tó ti ọwọ́ Màmá bọ̀ ni aṣọ. Èyí tí kò tíì dé iwájú rẹ̀, àkísà ni.

Ẹ-Rẹ́rìn-ín gbọ́ gbogbo èyí, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ni mo wá ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní, ó nu ojú. "Ẹ wò ó, mà. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, fóònù máa ń fún un bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n fọ̀, kó lè fúyẹ́. Ẹ̀yin fún un nígbà tó ń lọ. Màmá fún un nígbà tó ń bọ̀. Ìkànnì alára tún fún un. Ta ni wọ́n máa fún lọ́rùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò ní kú?"

Ó wá jókòó, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí n má dín ojú kọ̀ǹpútà kù nígbà tí mo bá ń ká a, kí n ká a bó ṣe fẹ̀ tó. Kí n jẹ́ kí nọ́ńbà tóbi, kí ìlà nípọn, kí n sì sún wọn mọ́ tòsí nígbàkigbà tí mo bá dé ibi gígé. Ó ní kí n tó gbé e lọ, kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ di fídíò tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ, nítorí ìkànnì náà mọ ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún: bí fídíò kékeré bá dé, á tẹ̀ ẹ́ pa, bí ńlá bá dé, á wá àyè fún un.

"Ju gbogbo ẹ̀ lọ," ó ní, "kó má gba orí fóònù ẹnikẹ́ni kọjá."

"Ti Màmá náà ńkọ́?"

"Pàápàá ti Màmá."

Ó rọrùn fún un láti sọ. Màmá kọ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Mo délé, mo ká ẹ̀kọ́ kejì sílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn. Mo ṣe gbogbo ohun tí Ẹ-Rẹ́rìn-ín wí. Ó mọ́ débi pé mo fẹ́ràn ara mi. Ó wá ku kí n tẹ bọ́tìnnì, kí n gbé e lọ. Ìka mi kọ̀. Ó dà bí ìgbà tí mo fẹ́ jáde sí títì láì de bọ́tìnnì aṣọ.

"Gbé e lọ, jàre," ọkọ mi wí. "Kò ní mọ̀."

"Màmá kò ní mọ̀? Màmá tó mọ̀ pé mo yọ okùn kan lára aṣọ nígbà tí òun ń sùn?"

"Sọ fún un nígbà náà."

"Ẹ bá mi sọ fún un."

"Èmi kẹ̀? Àna rẹ̀ ni mí. Ẹnu àna kì í tó ibẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ìdí gbogbo ohun tó ń lo iná?"

"Màmá ẹ ò lo iná," ló wí, ó sì lọ wo fíríìjì kan tí kò sẹ́ni tó ní kó wò.

Bí mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò nìyẹn, mo wọkọ̀, mo kọjá sí òdìkejì ìlú. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tìmùtìmù mẹ́ta ló gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun ló fi bò ó. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Kí ló dé?" ló bi mí.

"Kò sí, mà. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà?"

"Fóònù mi ló bàjẹ́, mà. N ò lè fi fídíò ránṣẹ́, ni mo bá ní kí n gbé e wá."

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò mi. Ọkọ mi ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti sọ ọ́. Màmá kàn ń wo àpò náà títí fóònù fi dún tán.

Mo bá jẹ́wọ́. Mo ní, "Màmá, fídíò yẹn, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, tó tún padà, ojú ẹ̀ máa ń ṣú."

"Ohun tí ò ń sọ ni pé ọwọ́ mi ló ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́."

"Rárá o, mà! Kì í ṣe ọwọ́ yín. Fóònù ni."

"Ọwọ́ ta ni fóònù wà?"

Mo ronú pé ká ní ọkùnrin méjì tó wọ ṣòkòtò yẹn wà níbẹ̀, ǹ bá sá wọ inú rẹ̀, àyè ẹnì kẹta kúkú wà. Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Fóònù yẹn," ó ní pẹ̀lẹ́, "n ò rí nǹkan kan lórí ẹ̀ rí."

"Ẹ ò rí kí ni, mà?"

"Nǹkan kan. Ó kéré jù. Funfun ni mo máa ń rí, àti nǹkan tó ń rìn."

"Ẹ sì ń sọ pé ó lè lọ?"

"Ohùn ẹ ni mò ń gbọ́. Bí iṣẹ́ ẹ bá gún, ohùn ẹ máa ń balẹ̀. Mo gbọ́ pé ó balẹ̀, mo bá ní kó máa lọ. Ṣé kí n wá sọ fún ẹ pé mi ò ríran mọ́ ni?"

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, n kò mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ti fún fídíò mi lọ́rùn lọ, wọ́n ti fún un lọ́rùn bọ̀, ẹni tí mo torí rẹ̀ ṣe é kò sì rí ìlà kan ṣoṣo. Ọkùnrin méjì wọ ṣòkòtò kan nítorí pé ojú ń ti Màmá, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo ká aṣọ funfun kúrò lórí ẹ̀rọ, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e, mo sún un dé iwájú rẹ̀. Mo tẹ ẹ̀kọ́ kejì síbẹ̀. Màmá fara sún mọ́ ọn. Ìlà ọrùn fà, ìlà èjìká fà, nọ́ńbà jókòó kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi èékánná tọ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń tọ ojú rírán.

"Báyìí ló ṣe rí?" ló wí. "Báyìí lò ń ṣe látọjọ́ yìí? Ó mà dára o." Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní bisikíìtì. Àfi bó ṣe ní, "Dúró. Dá a padà. Apá yìí, àyè rírán ẹ̀ dà?"

Àyè rírán ni aṣọ díẹ̀ tí a máa ń fi sílẹ̀ létí ìlà kí abẹ́rẹ́ lè ríbi gbà. Mo wò ó. Kò sí. Ẹni tó bá rán ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, apá rẹ̀ yóò fún ènìyàn bíi báńdéèjì. Fídíò tó mọ́ bí omi, àṣìṣe mi ló wá ń fi hàn kedere. Ká ní mo gbé e lọ bó ṣe wà, wọn kì bá má rí i.

"Mo rò pé kọ̀ǹpútà á fi kún un fúnra ẹ̀," mo ní.

"Kọ̀ǹpútà ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Bó bá jẹ́ lórí aṣọ ni, n ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ọwọ́ mi ló máa ń fi í sílẹ̀, mi ò kì í ronú sí i."

"Kí ló wá ṣe ọwọ́ náà?" ló wí. "Òsì lo fi ń ti nǹkan yìí. Òsì lo fi gbé àpò wọlé."

N kò sọ ọ́ fún un rí. Mo ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni ayé ń lò báyìí, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí sẹ́yìn. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún mi, ó tẹ àtàǹpàkò, mo ké. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: ìka tó ń kú, dókítà, àlùmọ́gàjí tí mo ti kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n má baà máa rí i. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí pé bó bá gbọ́, á ní mi ò kì í ṣe aránṣọ mọ́.

Màmá pòṣé. "Ìgbà tí mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́, ọwọ́ lo rò pé mò ń kọ́? Ojú ẹ ni mo kọ́. Ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. O wá gbé gbogbo ìrònú lé ọwọ́ lórí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí orí náà ṣiṣẹ́ díẹ̀."

Omijé bọ́ lójú mi. Ó ní kí n má jẹ́ kó kán sórí kọ̀ǹpútà, pé òun ò tíì wò ó tán.

Orí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ni mo ti tún ẹ̀kọ́ kejì ká sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá ṣèlérí pé òun ò ní sọ̀rọ̀. Ó pa ìlérí náà mọ́ títí mo fi fa ìlà kìíní.

"Tún un fà," ló wí. "Ìlà yẹn ti mu ọtí."

"Màmá, ó ń gba ohùn yín sílẹ̀."

"Kó gbà á. Àyè rírán ńkọ́? Hẹn-ẹ́n. Pe nọ́ńbà yẹn sókè kí wọ́n gbọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má pariwo ìwọ̀n oníbàárà?"

"Oníbàárà dà níbí? Ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tíì ní olówó, ta ni ojú fẹ́ tì?"

Mo pe gbogbo nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ẹ-Rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi yọ ohùn Màmá kúrò. Ó ní bí òun bá yọ ọ́, ẹ̀kọ́ náà á gúnlẹ̀ síbi kọ́là, nítorí kò síbi tí Màmá ò sí. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ aṣọ dá sì ti pé. Ó sọ fídíò náà di ńlá, a gbé e lọ láti kọ̀ǹpútà ní tààrà, kò kan fóònù ẹnikẹ́ni. Mo ṣí i wò lójú ẹsẹ̀. Èèrà! Mo figbe ta. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ìkànnì máa ń kọ́kọ́ gbé èyí tí kò jinná síta, ó ṣì ń se ojúlówó lọ́wọ́. Mo jókòó sáàárín wáyà rẹ̀, mò ń gbàdúrà sí ìkànnì. Ìgbà tí mo tún un ṣí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tán yinyin.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀gá àwọn agéṣọ pè mí. Ojú ara wa la jọ ń rí lórí fóònù. Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn hàn mí. Kò fún un, kò sì ṣẹ́kù.

"Àwọn ọmọ ló gé e, àwọn ló rán an," ló wí. "Mi ò bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ kí n bá yín sọ." Ó ní, "Màmá tó ń bá yín jà nínú fídíò yẹn, wọ́n ní bí kò bá sí nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ò ní wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ ọ́ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ pé ìlà kò gbọdọ̀ mu ọtí."

Mo wo Màmá. Ó ń wo fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́.

"Iṣẹ́ ti di tiyín, mà," ọkùnrin náà wí. "Kí ni ká wá máa pè yín? Ṣé olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni?"

"Rárá," mo ní, ohùn mi kò sì balẹ̀ rárá. "Aránṣọ ni mí."

"Sọ fún un pé méjì ni wá," Màmá wí láti orí àga rẹ̀.

Mo sọ fún un.